Raspberry Pi Láìsí Mọ́nítọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí A Ṣe Ń Dé Orí Desktop Rẹ̀ Láti Ọ̀nà Jíjìn

Kí ló yẹ kí n ṣe sí káàdì SD kí n tó fi í sínú Pi tí kò ní mọ́nítọ̀?

Raspberry Pi ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń ka ètò rẹ̀ láti orí káàdì SD. Inú Raspberry Pi Imager, áàpù orí kọ̀ǹpútà tó ń kọ ètò náà sórí káàdì, ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó kọ nǹkan sórí káàdì, ó máa ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ yí ètò padà. Ẹ má fo ibẹ̀ kọjá. Ẹ fún Pi ní orúkọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa fi mọ̀ ọ́n, ẹ dá orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ fi orúkọ Wi-Fi àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ síbẹ̀, ẹ mú orílẹ̀-èdè (NG fún Nàìjíríà, GB fún Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), kí ẹ sì tan SSH, ọ̀nà tí a fi ń tẹ àṣẹ fún Pi láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Raspberry Pi OS tó ní desktop ni kí ẹ mú. Èyí tó ń jẹ́ Lite kò ní desktop, VNC, ètò tó ń fi desktop Pi hàn lójú kọ̀ǹpútà mìíràn, kò sì lè fi ohun tí kò sí hàn yín.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, orúkọ `pi` àti pásíwọ́ọ̀dù `raspberry` tí àwọn àlàyé àtijọ́ ṣì ń dárúkọ kò sí mọ́. Tí ẹ kò bá dá orúkọ sílẹ̀ nínú Imager, Pi á tan, á sì jókòó de ẹni tó máa dá a sílẹ̀ lójú mọ́nítọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò ní mọ́nítọ̀.

Bí káàdì bá ṣì jẹ́ tuntun, kí ẹ tún un kọ ló yá jù. Bí iṣẹ́ bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí abala `bootfs`, kí ẹ dá fáìlì òfìfo kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ `ssh`, láìsí `.txt` nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dá `userconf.txt` sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan ṣoṣo: orúkọ ìwọlé, àmì `:`, àti pásíwọ́ọ̀dù tí àṣẹ `openssl passwd -6` ti yí padà fún yín. Fáìlì `wpa_supplicant.conf` tí a máa ń jù síbẹ̀ fún Wi-Fi kò wúlò mọ́ láti ìgbà tí Bookworm, ẹ̀yà Raspberry Pi OS kan, ti dé ní 2023, torí NetworkManager ló ń darí Wi-Fi báyìí.

VNC kò ṣiṣẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti VNC. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kàn án kì í ṣe tirẹ̀. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ dára kí VNC tó lè sọ̀rọ̀: kí Pi tan dáadáa, kí ó wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí SSH dáhùn, kí desktop sì wà lójú iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé wọn bẹ́ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ má sì fọwọ́ kan èyí tó kàn tí èyí tó ṣáájú kò bá tíì dájú.

Àṣẹ mẹ́ta ló máa sọ ibi tí ẹ wà. `ping orúkọ.local` ń sọ bóyá ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. `ssh orúkọ-ìwọlé@orúkọ.local` ń sọ bóyá ó gbà yín wọlé. Tí ẹ bá ti wọlé, `sudo ss -tlnp | grep 5900` ń sọ bóyá VNC ń dúró de àlejò ní pọ́ọ̀tù 5900, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tí àṣẹ kẹta yìí kò bá mú ìlà kankan jáde, kò sí ohun tí ẹ máa yí padà nínú áàpù orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín tó máa ràn yín lọ́wọ́. Inú Pi ni ìṣòro wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé Pi ti tan nígbà tí n kò rí ojú rẹ̀?

Iná kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa wò. Lórí Pi 3 àti Pi 4, iná pupa ń sọ pé agbára ń wọlé. Tí ó bá ń kú tí ó ń tàn, agbára náà kò tó. Iná àwọ̀ ewé máa ń ṣẹ́jú láìní ìlànà nígbà tí ó bá ń ka káàdì, èyí sì ni a fẹ́.

Tí iná àwọ̀ ewé bá ń ṣẹ́jú ní iye kan náà, tí ó dánu dúró, tí ó tún bẹ̀rẹ̀, Pi ń pe orúkọ àìsàn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin túmọ̀ sí pé kò rí fáìlì `start.elf` lórí káàdì. Ẹ̀ẹ̀méje túmọ̀ sí pé kò rí kernel, ọkàn ètò náà. Méjèèjì ń sọ pé káàdì ni kí ẹ tún kọ. Tí kò bá ṣẹ́jú rárá, ó ṣeé ṣe kí káàdì má wọlé dáadáa tàbí kí ó ti bàjẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan káàdì tuntun, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ń fẹ abala káàdì, ó sì ń tún ara rẹ̀ tan. Ẹni tó bá yọ iná rẹ̀ lásìkò yìí ló ń ba káàdì jẹ́.

Ó ti tan, ṣùgbọ́n `raspberrypi.local` kò dáhùn.

Ẹ kọ́kọ́ rántí orúkọ tí ẹ fún un nínú Imager. Tí ẹ bá pè é ní `agogo`, `agogo.local` ni ẹ máa pè, kì í ṣe `raspberrypi.local`. Àwọn router àti fóònù kan sì wà tí kì í jẹ́ kí irú orúkọ `.local` kọjá, nítorí náà nọ́ńbà IP tí router fún un ló dájú jù.

Ẹ lè rí nọ́ńbà yẹn lójú ewé ètò router, tàbí níbi tí fóònù ti ń to àwọn tó wà lórí hotspot rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lórí Linux tàbí Mac, `sudo nmap -sn 192.168.1.0/24` á wá gbogbo wọn kiri. Ẹ fi nọ́ńbà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín rọ́pò èyí tí a kọ síbí. Àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà tí a fi mọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B8:27:EB, DC:A6:32, E4:5F:01, D8:3A:DD tàbí 2C:CF:67, Raspberry Pi ni.

Tí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún router kí ó máa fún MAC yẹn ní nọ́ńbà kan náà nígbà gbogbo. Ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ wàhálà ọjọ́ iwájú kúrò lọ́nà.

Hotspot fóònù mi ni mo ń lò, Pi kò sì wọ orí rẹ̀.

Pi Zero W, Zero 2 W àti Pi 3B kì í gbọ́ ju 2.4 GHz lọ. Fóònù òde òní sì sábà máa ń gbé hotspot rẹ̀ sórí 5 GHz. Lórí Android, ẹ wọ ètò hotspot, ẹ yí i sí 2.4 GHz. Lórí iPhone, ẹ tan Maximize Compatibility. Pi 3B+, Pi 4 àti Pi 5 ń gbọ́ méjèèjì, àmọ́ tí ẹ kò bá mú orílẹ̀-èdè, Pi lè ti Wi-Fi rẹ̀ pa títí ẹ ó fi mú un.

Ẹ wo orúkọ hotspot náà fínnífínní. Àmì tí iPhone ń fi sáàárín orúkọ ẹni àti `s` nínú irú orúkọ bíi "Adé’s iPhone" jẹ́ èyí tó tẹ̀, kì í ṣe èyí tó dúró ṣánṣán tí kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà ń kọ. Lójú Pi, orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ yí orúkọ fóònù padà sí ọ̀rọ̀ kan tí kò ní àlàfo tàbí àmì.

Wi-Fi ilé ìtura àti ti ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga kò bá iṣẹ́ yìí mu. Wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wọlé lójú ewé kan, wọ́n sì máa ń ya àwọn tó wà lórí rẹ̀ nípá, débi pé kọ̀ǹpútà yín àti Pi kò ní rí ara wọn bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà lórí tábìlì kan náà.

SSH ń kọ̀. Kí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ túmọ̀ sí?

`Connection timed out`: kò sẹ́ni tó dáhùn. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ti Pi, tàbí ohun kan ń dínà láàárín. `Connection refused`: ẹ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n SSH kò tan. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni wọ́n ti ń pa á látilẹ̀wá, nítorí náà ẹ padà síbi fáìlì `ssh` lókè.

`Permission denied`: SSH ń ṣiṣẹ́, orúkọ tàbí pásíwọ́ọ̀dù ni kò bára mu. Tí ẹ bá ti fi kíbọ́ọ̀dù tó so mọ́ Pi gan-an yí pásíwọ́ọ̀dù náà padà rí, ẹ fura sí `@` àti `"`. Ètò kíbọ́ọ̀dù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Pi ń lò tí ẹ kò bá yí i, àmì méjèèjì yìí sì ń gba ipò ara wọn níbẹ̀ tí ẹ bá fi wé ti Amẹ́ríkà. Ẹ dán pásíwọ́ọ̀dù náà wò pẹ̀lú `"` níbi tí `@` wà.

`REMOTE HOST IDENTIFICATION HAS CHANGED`: tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún káàdì kọ, kò sí ewu. Ẹ tẹ `ssh-keygen -R orúkọ.local` lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tún wọlé. Tí ẹ kò bá tún nǹkan kan kọ, ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ mìíràn ló ti gba nọ́ńbà Pi yín.

Mo ti wọlé pẹ̀lú SSH. Báwo ni mo ṣe máa tan VNC?

Ẹ tẹ `sudo raspi-config`, ẹ wọ Interface Options, ẹ mú VNC, ẹ dáhùn Yes. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní ìlà kan: `sudo raspi-config nonint do_vnc 0`. Òdo níbẹ̀ ni títàn, ọ̀kan ni pípa. Ó ń rú èèyàn lójú, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.

Ohun kejì ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: kí Pi máa wọ desktop fúnra rẹ̀ nígbà tó bá tan. `sudo raspi-config nonint do_boot_behaviour B4` ló ń ṣe é. Ẹ tún un tan pẹ̀lú `sudo reboot`.

Wayland àti X11: èwo ni Pi mi ń lò, kí ló sì kàn mí níbẹ̀?

Wayland àti X11 ni ọ̀nà méjì tí Linux ń gbà ya desktop sójú. Ó kàn yín púpọ̀, torí ibí ni àlàyé àtijọ́ ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Títí di Bullseye (ẹ̀yà 2021), X11 ni desktop Pi ń gùn, RealVNC Server ló sì ń fi í hàn. Bookworm gbé Pi 4 àti Pi 5 lọ sórí Wayland, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 2024, gbogbo Pi ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú labwc, ètò tó ń to fèrèsé desktop lórí Wayland. RealVNC Server tó wà lórí Pi nígbà náà kò mọ Wayland. Wayvnc, VNC ti Wayland, ni ètò ń tan dípò rẹ̀.

Ẹ má fi `echo $XDG_SESSION_TYPE` wò ó láti inú SSH. `tty` ni á sọ fún yín, ìyẹn kò sì jẹ́ nǹkan kan. Ẹ tẹ `ps -e | grep -E 'labwc|wayfire|Xorg'`. Tí ẹ bá rí labwc tàbí wayfire (èyí tó ṣáájú labwc), Wayland ni. Tí ẹ bá rí Xorg nìkan, X11 ni. Tí ẹ kò bá rí ìkankan, desktop kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ padà sí ìdáhùn tó ṣáájú èyí.

Fún wayvnc, TigerVNC ni kí ẹ fi wo ó láti orí kọ̀ǹpútà yín. Àwọn áàpù VNC àtijọ́ kò mọ irú ààbò tí wayvnc ń béèrè, wọ́n á sì máa sọ pé àwọn kò rí irú ààbò tó bá tiwọn mu. Orúkọ ìwọlé àti pásíwọ́ọ̀dù tí wayvnc ń fẹ́ ni ti Pi gan-an.

Tí iṣẹ́ yín bá dúró lé RealVNC Server tàbí ètò kan tó nílò X11, ẹ lè padà: `sudo raspi-config nonint do_wayland W1`, kí ẹ sì tún un tan. W3 ló ń dá yín padà sí labwc. A kì í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó padà sí X11, torí ọ̀nà tí ẹ̀rọ yìí ń lọ ti yàtọ̀.

VNC gbà mí wọlé, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni mo rí, tàbí "Cannot currently show the desktop".

Ìdí rẹ̀ ni pé Pi yẹ ẹnu HDMI rẹ̀ wò, kò rí mọ́nítọ̀, ó sì gbà pé kò sí ojú tí òun fẹ́ ya desktop sí. Ẹ ní láti sọ fún un pé mọ́nítọ̀ wà.

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú `sudo raspi-config`, Display Options, VNC Resolution, kí ẹ mú ìwọ̀n bíi 1280x720. Tí kò bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti tún un tan, ẹ ṣí fáìlì `/boot/firmware/cmdline.txt` (kí Bookworm tó dé, `/boot/cmdline.txt` ni). Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ní ìparí ìlà yẹn, ẹ fi àlàfo kan sí i, kí ẹ kọ `video=HDMI-A-1:1280x720@60D`. Ẹ kò gbọdọ̀ tẹ Enter láti bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, torí Pi kò ní ka ohun tó bá wà ní ìlà kejì. Lẹ́tà `D` ìparí ló ń pàṣẹ pé kí ẹnu HDMI náà wà ní títàn bí kò tilẹ̀ sí nǹkan níbẹ̀. Lórí Pi 4 àti Pi 5, HDMI-A-1 ni ẹnu tó sún mọ́ ibi tí iná ń gbà wọlé.

Gbogbo ayé ṣì ń sọ pé kí ẹ kọ `hdmi_force_hotplug=1` sínú `config.txt`. Ó ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́. Pẹ̀lú `vc4-kms-v3d` tó wà nínú ètò báyìí, kernel kò náání rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó má baà dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Tí ẹ kò bá fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì, púlọ́ọ̀gì HDMI kékeré kan wà lọ́jà tó ń ṣe bí ẹni pé mọ́nítọ̀ ni òun. Ẹ fi í sí ẹnu HDMI, ọ̀rọ̀ parí. Micro HDMI ni ti Pi 4 àti Pi 5, ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó sanwó.

xrdp fi ojú dúdú hàn mí, ó sì pa ara rẹ̀ dé.

xrdp ni ọ̀nà mìíràn láti rí desktop, yàtọ̀ sí VNC. Orúkọ ìwọlé kan náà ti wà lórí desktop tẹ́lẹ̀, torí ẹ ní kí Pi máa wọlé fúnra rẹ̀. xrdp ń dá desktop tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ lórí X11, méjèèjì kò sì gba ara wọn lábẹ́ orúkọ kan. Ẹ yàn: kí ẹ pa ìwọlé aládàáṣe pẹ̀lú `sudo raspi-config nonint do_boot_behaviour B1`, tàbí kí ẹ dá orúkọ kejì sílẹ̀ fún xrdp nìkan pẹ̀lú `sudo adduser`.

Tí ó bá ṣì dúdú, ẹ tẹ `sudo adduser xrdp ssl-cert`, lẹ́yìn náà `sudo systemctl restart xrdp`. Pọ́ọ̀tù 3389 ló ń lò. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò nílò mọ́nítọ̀ tàbí púlọ́ọ̀gì HDMI rárá, Remote Desktop tó wà lórí Windows sì tó láti bá a sọ̀rọ̀.

Ó ń lọ́ra, ó sì máa ń já lójijì.

Agbára iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. `vcgencmd get_throttled` gbọ́dọ̀ dáhùn `0x0`. `0x50000` túmọ̀ sí pé agbára ti lọ sílẹ̀ nígbà kan láti ìgbà tí ẹ ti tan án, tí ó sì mú kó dín ìyára kù. `0x50005` túmọ̀ sí pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Pi 4 ń fẹ́ fóltì 5, áńpù 3. Pi 5 ń fẹ́ fóltì 5, áńpù 5. Ṣájà fóònù lè kọ wáàtì tó pọ̀ sára rẹ̀, kí ó má sì lè gbé áńpù yẹn jáde ní fóltì 5. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí tó gùn jù náà ń jẹ nínú fóltì kí ó tó dé inú Pi.

Tí iná bá dára, ẹ pa ìpamọ́ agbára Wi-Fi: `sudo iw wlan0 set power_save off`. Èyí máa kú tí ẹ bá tún un tan. Kí ó lè dúró, ẹ tẹ `nmcli connection show` láti rí orúkọ ìsopọ̀ náà, lẹ́yìn náà `sudo nmcli connection modify "orúkọ" 802-11-wireless.powersave 2`.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dín ìwọ̀n ojú kù sí 1280x720, ẹ sì wo ooru pẹ̀lú `vcgencmd measure_temp`. Láti 80°C lọ sókè ni Pi 4 ti ń fa ara rẹ̀ sẹ́yìn.

Iná lọ, ó dé padà, Pi kò sì dáhùn mọ́.

Iná tó já nígbà tí Pi ń kọ nǹkan sórí káàdì ló sábà máa ń fà á. Ẹ fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà Linux mìíràn, ẹ wá orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú `lsblk`, kí ẹ tẹ `sudo fsck -f /dev/sdb2`. Ẹ fi orúkọ tí ẹ rí rọ́pò `sdb`, ẹ má ṣì í mú, torí disk kọ̀ǹpútà yín gan-an lè wà nítòsí rẹ̀. Abala tí ẹ ń tún ṣe kò gbọdọ̀ wà ní ṣíṣí.

Níbi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́ bíi tiwa, àtúnṣe nìkan kò tó. Tí iṣẹ́ Pi náà kò bá nílò kó máa fi nǹkan pamọ́, ẹ tan Overlay File System nínú `raspi-config`, abẹ́ Performance Options. Láti ìgbà náà, inú RAM ni ohun gbogbo ń lọ, iná tó já kò sì ní ba káàdì jẹ́. Ẹ rántí pé ohunkóhun tí ẹ bá fi pamọ́ lẹ́yìn títàn rẹ̀ á parẹ́ tí ẹ bá tún un tan. Tí ẹ bá fẹ́ lo power bank bí UPS, ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ yọ ṣájà kúrò lára rẹ̀ nígbà tí Pi ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gé iná fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà ìyípadà, èyí sì ti tó láti pa Pi.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, Abẹ́òkúta ni Pi wà. Mo ti ṣí pọ́ọ̀tù lórí router, kò sì wọlé.

Ẹ wo nọ́ńbà IP tí router náà gbà láti òde. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tí ó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì náà ti kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn nọ́ńbà kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń rí lórí SIM àti MiFi. Kò sí pọ́ọ̀tù tí ẹ lè ṣí lórí router tó máa kọjá ìyẹn. Bó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe, ẹ má ṣí 5900 tàbí 3389 sí gbangba íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ẹ̀rọ tó ń wá irú rẹ̀ kiri kì í sùn.

Ọ̀nà tó dára ni kí Pi fúnra rẹ̀ pè síta. Raspberry Pi Connect, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ń fi desktop hàn nínú bíráwúsà: ẹ tẹ `sudo apt install rpi-connect`, `rpi-connect on`, lẹ́yìn náà `rpi-connect signin`, kí ẹ ṣí ìlà tó bá mú jáde. Tailscale ni kejì. Ó ń fún Pi àti kọ̀ǹpútà yín ní nọ́ńbà tí wọ́n á fi rí ara wọn, ẹ sì máa lo VNC tàbí SSH lórí rẹ̀ bí ẹni pé inú ilé kan náà ni ẹ wà. Ẹ parí gbogbo èyí kí ẹ tó wọ bàálù.

rpi-connect ti wà lórí rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà, síbẹ̀ kò so.

Ẹ tẹ `rpi-connect doctor`, á yẹ ohun gbogbo wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá fún yín ní ìlà àṣẹ ṣùgbọ́n tí kò fi desktop hàn, X11 ni Pi ń lò; Wayland nìkan ni ìfihàn ojú rẹ̀ mọ̀. Tí ó bá ń kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí kò sẹ́ni tó wọlé, ẹ tẹ `loginctl enable-linger`.

Èyí tó máa ń pẹ́ kí èèyàn tó fura sí ni aago. Àwọn Pi tó ṣáájú Pi 5 kò ní aago tó ń rìn nígbà tí iná bá lọ, ti Pi 5 náà kò sì lè rìn láìsí bátìrì tí a so mọ́ ọn. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dí pọ́ọ̀tù UDP 123, Pi kò ní rí ibi tó ti máa béèrè aago, á máa gbé nínú ọjọ́ tó ti kọjá, gbogbo ìwé ẹ̀rí ààbò tó bá rí á sì dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. `timedatectl` á fi hàn. Ẹ tún un ṣe fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú `sudo date -s "2025-06-01 14:30"`, kí ẹ fi ọjọ́ òní rọ́pò rẹ̀.

Mo ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ láti inú VNC, wọn kò sì wọlé.

Wayvnc kì í gba lẹ́tà bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ó ń wá bọ́tìnnì tó ń mú lẹ́tà náà jáde lórí kíbọ́ọ̀dù tí Pi gbà pé òun ní. Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì kò ní `ẹ`, nítorí náà ó jù ú nù. Linux ní ètò kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Nínú `/etc/default/keyboard`, ẹ kọ `XKBLAYOUT="ng"` àti `XKBVARIANT="yoruba"`, ẹ sì fi `xkb_layout=ng` àti `xkb_variant=yoruba` sínú `/etc/wayvnc/config`, kí ẹ tún Pi tan.

Lílẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn láti orí kọ̀ǹpútà yín kò fọkàn balẹ̀, torí lẹ́tà Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù nìkan ni ìlànà VNC àkọ́kọ́ ń gbé kọjá báyẹn. Tí áàpù VNC orí kọ̀ǹpútà yín tàbí ti orí Pi bá ti pẹ́, `?` ni àmì wa máa dà. Fún ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ kọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi `scp` gbé fáìlì náà lọ. Ohùn orí ọ̀rọ̀ á dé láìyingin.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sí mọ́nítọ̀, n kò sì fẹ́ tún káàdì kọ. Ṣé ọ̀nà kan kù?

Wáyà USB sí serial kan kù, tó ń so kọ̀ǹpútà yín mọ́ àwọn pín Pi tààrà, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní fóltì 3.3. Ti fóltì 5 lè jó Pi. Ẹ fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ `enable_uart=1` sí ìsàlẹ̀ `config.txt`, kí ẹ rí i dájú pé `console=serial0,115200` wà nínú ìlà `cmdline.txt`.

Ẹ so pín 6 mọ́ GND wáyà, pín 8 mọ́ RX rẹ̀, pín 10 mọ́ TX rẹ̀. Ẹ fi èyí tó ń gbé iná, tó sábà máa ń jẹ́ pupa, sílẹ̀ láìso. Pi ti ní iná tirẹ̀. Pi 5 yàtọ̀: ẹnu kékeré onípín mẹ́ta tó wà láàárín HDMI méjèèjì ni `serial0` rẹ̀ wà.

Lórí Linux, `screen /dev/ttyUSB0 115200`. Lórí Windows, PuTTY ní ipò Serial. Tí ojú bá ṣófo, ẹ tẹ Enter lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá sí nǹkan síbẹ̀, ẹ pààrọ̀ RX àti TX. Tí ẹ bá ti wọlé, `rfkill list` á sọ bóyá wọ́n ti Wi-Fi pa. `sudo raspi-config nonint do_wifi_country NG` á ṣí i, `nmcli device wifi list` á to àwọn Wi-Fi tí Pi ń gbọ́, `sudo nmcli device wifi connect "orúkọ" password "pásíwọ́ọ̀dù"` á sì mú un wọ èyí tí ẹ fẹ́. `hostname -I` ló máa fún yín ní nọ́ńbà IP tuntun tí ẹ máa fi padà wọlé pẹ̀lú SSH.